Ayékòótọ́ Tí Kò Ní Ìkóóde

Bàbá mi kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Kò gba dókítà gbọ́, kò gba olóṣèlú gbọ́, bí ìyá mi bá sì ní iyọ̀ ti tó nínú ọbẹ̀, yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó jókòó. Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó gbà gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí ni ẹyẹ kan tó máa ń jókòó sórí àgbá nínú géèmù, tó dé fìlà, tó fi aṣọ di ojú kan bí ẹni tí ojú ń dùn. Ẹyẹ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bàbá mi di Bàbá Ìjọ. Òun náà ni kò jẹ́ kó jẹ oyè náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló gbé géèmù náà wá sílé wa ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, nígbà Kérésì kan, ní àárín àwọn ọdún 1990. Ara rẹ̀ ló rà á fún, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ní kó mú un kúrò nínú ilé òun kí òun tó fi dáná. Ó wá gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ wa bí ẹni gbé ọmọ àlè sá. Èmi náà wà nílé nígbà náà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba ti kọtí ikún sí wọn, gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ọdún kejì sì ti ń rá mọ́ mi lórí díẹ̀díẹ̀. Mo bá géèmù yìí bí ẹni rí iṣẹ́ he.

Atukọ̀ kékeré kan, olórí bàm̀bà, ló wà nínú rẹ̀. Ó ń fò láti erékùṣù kan sí òmíràn, ó ń kó àgbọn, ó sì ń fi igi na alákàn àti ajá. Bí a bá ti la erékùṣù kan já, ẹyẹ yìí á wà níbẹ̀ lórí àgbá. Á máa la ẹnu, á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, ohun tó ń sọ á sì máa jáde ní kíkọ lókè orí rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà kan náà ló máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: ṣé o mọ̀ pé báyìí, ṣé o mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyá mi tó ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná bí mo ṣe ń kà á jáde sọ ọ́ lórúkọ. Ó gbọ́ "Did you know" títí, ó pè é ní Dídíyùnó.

Tíṣà jọ́gíráfì ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ń kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ tí mo ń kà á pé oyin kì í bàjẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ó dúró. Ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ẹyẹ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹjú mọ́ ẹyẹ náà bí ẹni ń wo àwòrán ọmọ tó sọnù. Tẹlifíṣọ̀n wa kì í ṣe kọ́lọ̀, dúdú àti funfun lásán ni. Ohun tí bàbá mi rí ni ẹyẹ tí ara rẹ̀ rí bí eérú, tí àgógó rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́. Ó ní, "Odídẹ nìyí. Ayékòótọ́ gan-an nìyí."

Ta ni kò mọ ìdí tí a fi ń pe odídẹ ní ayékòótọ́? Ohun tó bá ṣojú rẹ̀ nínú ilé ni yóò sọ láìfi bò, bó dùn mọ́ onílé, bí kò dùn mọ́ ọn. Aráyé kì í sì í fẹ́ òtítọ́. Bàbá mi ní àwọn òyìnbó tó ṣe géèmù yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ní nínú gbogbo ẹyẹ tí Ọlọ́run dá, wọn kò mú adìẹ, wọn kò mú ẹyẹlé, èyí tí kì í purọ́ ni wọ́n mú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé kò ṣeré rárá.

Ohun tó ń lé e ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ má baà rò pé orí rẹ̀ ti yí. Bàbá Ìjọ ní ìjọ wa ní Iléṣà, ìlú bàbá mi, ti kú, àyè rẹ̀ ṣófo. Ẹni méjì ni àwọn àgbà ń wò: bàbá mi, àti ọkùnrin kan tó ń ta pákó, tó ní ilé alájà, jẹnẹrétọ̀, àti irú tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ará àdúgbò ń gba ojú fèrèsé wò. Bàbá tó bí bàbá mi ló ń lu agogo ìjọ náà nígbà ayé rẹ̀, òun náà ló ń ro oko ọgbà rẹ̀. Títí di ìgbà tí mo ń sọ yìí, bí bàbá mi bá ti wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti aṣọ tó lọ̀ kanlẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó gbà, àwọn arúgbó á ní, "Ọmọ alágogo ti dé." Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Àmọ́ mo máa ń rí i tí ojú bàbá mi yóò yí padà díẹ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní nǹkan mìíràn kí òun tó kú. Mo ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìtàn yìí o, ṣùgbọ́n ti ibí yìí kọ́.

Onípákó lówó. Bàbá mi ní ẹnu. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ náà sì ní àṣà kan: kí àwọn àgbà tó mú ẹnikẹ́ni sí ipò, wọn á ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá mi pinnu pé ìmọ̀ ni òun yóò fi fọ́ wọn lójú. Odídẹ inú tẹlifíṣọ̀n sì ti ṣetán láti ràn án lọ́wọ́.

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo tí iná bá wà, èmi á máa ta géèmù, bàbá mi á jókòó sẹ́yìn mi, á máa pàṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fọwọ́ kan ohun tí a fi ń ta á, ó ní ṣọ́ọ̀kì ni ìka òun mọ̀. Ó ṣáà ń sọ pé, pa alákàn yẹn, fò, àbí o kò rí ajá ni. Bí mo bá já sínú omi, ó máa ń mí kanlẹ̀ bíi pé ẹrù òun gan-an ló rì. Bí ẹyẹ bá sì ti yọjú, á gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ tó wà ní ojúde wa.

Télọ̀ yìí, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé ni, Mùsùlùmí ni, abẹ́ fèrèsé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bó bá ti kírun àsárì tán, á gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn wọlé wá, á ní òun wá gbọ́ wáàsí ẹyẹ. Òun àti bàbá mi ló jọ máa ń jókòó tì mí, ọ̀kan ń mi orí, ọ̀kan ń sọ pé súbúhánà-lọ́ọ̀.

Kò pẹ́ tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo rí i pé bàbá mi fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ ní Iléṣà bó ṣe wà, láìfi asẹ́ sẹ́ ẹ. Mo sọ fún un pé ká kọ́kọ́ ṣà á, ká ya òótọ́ sọ́tọ̀, ká ya irọ́ sọ́tọ̀. Ó ní kò burú, ó ní irọ́ kò ní sí nínú rẹ̀. Mo tún ní bí a bá wá rí èyí tí a kò lè mọ̀ ńkọ́? Bàbá mi ní kò sí irú ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí kì í bá ṣe òótọ́, irọ́ ni. Télọ̀ ló dá sí i. Ó ní bí àwọn ààfáà àwọn bá jiyàn títí tí kò sí ẹni tó borí, wọn á ní Ọlọ́hun ló mọ̀, wọn á sì lọ jẹun. Bí a ṣe sọ ẹ̀kẹta lórúkọ nìyẹn. Òótọ́, Irọ́, àti Ọlọ́hun-ló-mọ̀.

Ilé ìkàwé ìjọba ni mo ń lọ. Àwọn ìwé ńlá kan wà níbẹ̀ tó sọ nípa ohun gbogbo láti A dé Z, àfi àwọn tí ikán ti jẹ. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé òótọ́ ni ẹyẹ sọ nípa àgùnfọn: pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn rẹ̀, iye egungun tó wà níbẹ̀ kò ju ti ènìyàn lọ. Òótọ́ tún ni pé ẹran omi kan wà tó ní apá mẹ́jọ àti ọkàn mẹ́ta. Mo sáré wálé bí ẹni tó he owó. Bàbá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, ọkàn mẹ́ta kẹ̀, ta ló fẹ́ gba ìyẹn gbọ́?

Ti àdán ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹyẹ ní àdán fọ́jú. Ìwé tí ìyẹn ìbá wà nínú rẹ̀ ni ikán ti jẹ, bàbá mi sì ti fẹ́ sọ ọ́ sí Òótọ́. Ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná láìdáwọ́ ẹ̀fọ́ tó ń já dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ojú wo ló fi ń wò ó?" Télọ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ní òwe kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ìyá mi ní ẹyẹ tó dé fìlà náà kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. A sọ ọ́ sí Irọ́. Nígbà tí mo rí ìwé mìíràn kà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo rí i pé ìyá mi ló jàre.

Ògòǹgò ńkọ́? Ẹyẹ ní bí ẹ̀rù bá ba ògòǹgò, orí ló ń tì bọ yanrìn. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ti fi èyí kọ́ ọmọ ní kíláàsì fún gbogbo ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́. Mo gbé ìwé wá, mo kà á sí i létí pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó wo ẹ̀yìn ìwé náà, ó ní ó ti pẹ́ jù. Mo ní ògòǹgò náà ti pẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jẹun alẹ́.

Ẹyẹ tún sọ pé odi ńlá tí àwọn ará Ṣáínà mọ, ẹni tó bá wà nínú òṣùpá yóò rí i. Télọ̀ bi wá pé ta ló lọ wò ó wá. A sọ ọ́ sí Ọlọ́hun-ló-mọ̀. Mo wá kà á pé àwọn tó lọ wò ó ní àwọn kò rí odi kankan, mo sì gbé e lọ sí Irọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá mi ti gbé e padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbín. Ẹyẹ ní ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ìgbín láyé, ńṣe ló dijú. Ìyá mi ní kí ló wà lára ìgbín tí ènìyàn yóò fi dijú, àfi bó bá jẹ́ pé adùn rẹ̀ ló pọ̀ jù. Àmọ́ ta ló wà níbẹ̀? Ọlọ́hun ló mọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá ń rí ìwà bàbá mi. Òótọ́ kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní ó gbẹ. Irọ́ ń bà á lẹ́rù, nítorí mo lè gbé ìwé tọ̀ ọ́ wá. Ẹ̀kẹta yìí ni ẹnu rẹ̀ ń ṣomi sí. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìwé, kò sí ọmọ yunifásítì tó lè já a ní koro. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá ní ilẹ̀ yìí láti ìgbà náà tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀. Mo ti ja ìjà àjàkú akátá pẹ̀lú alákàn ńlá kan, ẹyẹ sì ti yọjú. Ó la ẹnu, ó dún kẹ́kẹ́, ó ní ṣé o mọ̀ pé ọ̀nì kò lè... Wọ́n mú iná lọ. Gbogbo Òkè-Baálẹ̀ kígbe bí wọ́n ṣe máa ń kígbe. Bàbá mi kò kígbe. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó ní, "Ọ̀nì kò lè kí ni?"

Iná padà dé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nì kò padà wá. Bí ẹyẹ náà ṣe rí nìyẹn, ohun tó bá wù ú ló ń sọ, kì í ṣe ohun tí a bá bi í. Mo ta géèmù títí àtàǹpàkò mi fi lé ròrò. Ó sọ ti oyin, ó sọ ti odi, ó tún purọ́ mọ́ àdán. Ilé wá di ilé àlọ́. Ìyá mi ní ọ̀nì kò lè rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ní kò lè gba ààwẹ̀. Bàbá mi kò bá wa dá sí i. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Ọ̀nì kò lè rìn padà sẹ́yìn," ó ní.

Mo bi í pé ibo ló ti rí i. Ó ní ohun tí ẹyẹ ìbá sọ nìyẹn bí wọn kò bá mú iná lọ. Mo ní Dádì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, kì í ṣe ẹyẹ. Ó ní bóyá ẹyẹ ló sọ ọ́, bóyá ẹyẹ kò sọ ọ́, ta ló lè mọ̀? Ó ti kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú ẹ̀kẹta, ó sì ti ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé pé ahọ́n ni ọ̀nì kò lè yọ síta, mo sáré wá sọ fún un. Ó ní ahọ́n kò ṣeé fi ṣe ìwàásù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó máa sọ̀rọ̀, èmi àti ìyá mi jókòó sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn ìjọ ní Iléṣà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé òótọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, bóyá nítorí tèmi. Ó sọ ti ẹran omi tó ní ọkàn mẹ́ta. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan níwájú wa sọ ọ́ sókè ní Ìjẹ̀ṣà, "Urọ́ ni." Bàbá mi gbọ́ ọ, ó sì pa òótọ́ tì lójú ẹsẹ̀. Ó mú odi Ṣáínà, àwọn ènìyàn mirí. Ó mú ìgbín, wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó dára. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ọ̀nì kò lè rìn padà sẹ́yìn. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Onígbàgbọ́ tó bá ń wo ẹ̀yìn, ọ̀nì sàn jù ú lọ."

Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń ju áńkáṣíìfù. Ẹni kan bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n gbè é. Mo wo onípákó níbi tó jókòó sí, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti ọmọ tó ń kọ́ orí Bíbélì sórí. N kò fi ṣe nǹkan kan nígbà náà.

Wọ́n bi bàbá mi pé ibo ló ti rí ọgbọ́n yìí. Ìwé, ọ̀rọ̀ kan péré, ì bá sọ ìyẹn kó jókòó. Ó ní, "Ayékòótọ́ kan wà nílé mi. Òun ló ń sọ fún mi." Gbọ̀ngàn hó. Wọ́n rò pé odídẹ gidi ló ń sìn, èyí tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ní ìyẹ́ pupa nídìí. Ìyẹ́ pupa yẹn, ìkóóde, kì í ṣe ohun ìṣeré ní ilẹ̀ tí ọba ti ń dé adé. Kí a tó jáde, ẹni tó ń pe bàbá mi ní ọmọ alágogo ti ń pè é ní Bàbá. Ó ń rìn lọ síbi ọkọ̀, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà.

Onípákó dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní kí gbogbo àwọn àgbà wá jẹun nílé òun ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ó yíjú sí bàbá mi. "Kẹ́ ẹ mú ẹyẹ ulé yín dání o, káwa náà gbọ́hùn rẹ̀."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni a fi bẹ bàbá mi. Ìyá mi ní kó sọ pé ẹyẹ ń ṣàìsàn. Mo ní kó sọ pé ó kú, kó tilẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Télọ̀ ní òun lè bá wa wá odídẹ yá. Bàbá mi ní òun kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ayékòótọ́ ni òun wí, ayékòótọ́ ni wọn yóò sì rí. Ó gbà á gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ yẹn, òótọ́ inú ni bàbá mi fi ń bá gbogbo wa lò.

Nígbà tí a dé ilé onípákó, àwọn àgbà ti jókòó yí ká pálọ̀. Lórí tábìlì kékeré kan ní àárín, ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹ̀pà sínú àwo àti omi sínú abọ́ kalẹ̀ fún ẹyẹ. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi, wọ́n ń retí àgò. Mo gbé báàgì náílọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo ń fa wáyà jáde nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, mo sì so géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá náà.

Òkun kọ́kọ́ jáde, ó dá búlúù. Àgbọn jáde, yanrìn jáde, alákàn pupa jáde. N kò tíì rí àwọ̀ wọn rí, ìyẹn gan-an sì ti kìlọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Mo la erékùṣù náà já. Ẹyẹ yọ sórí àgbá.

Àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tẹ̀tẹ̀. Orí rẹ̀ rí yẹ́lò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ìdí rẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Eérú kan kò sí lára rẹ̀, pupa kan kò sí nídìí rẹ̀. Ó la ẹnu, ó dún kẹ́kẹ́kẹ́. Bàbá mi ní kí n kà á. Mo wò ó, mo ní ká fò ó. Ó ní kí n kà á. Mo kà á pé ṣé o mọ̀ pé àdán fọ́jú.

Arúgbó ọjọ́sí ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní àdán dorí kodò. Gbogbo pálọ̀ sì parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gbe orin, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ẹ̀rín bú.

Onípákó kò rẹ́rìn-ín. Ó fi sùúrù béèrè, "Ṣé odídẹ náà rèé? Ìkóóde rẹ̀ dà?"

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Kọ́lọ̀ tẹlifíṣọ̀n yín ló ti bàjẹ́."

Ẹnì kan dìde, ó tọ́ka sí òkun pé ṣé kì í ṣe búlúù ni, ó tọ́ka sí alákàn pé ṣé kò pupa. Wọn kò bú bàbá mi. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jẹun, wọ́n sì jẹ ẹ̀pà ẹyẹ náà mọ́ ọn. A wọ ọkọ̀ padà sí Òṣogbo, Iléṣà tán lẹ́yìn wa. Bàbá mi wá bi mí, láìwo ojú mi, pé ṣé mo rò pé wọ́n ṣì lè fi òun jẹ ẹ́. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ní Ọlọ́hun ló mọ̀.

Onípákó ni wọ́n fi jẹ Bàbá Ìjọ. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀, ìyá mi ní a kò gbọdọ̀ sá, nítorí náà a lọ, bàbá mi sì wọ agbádá tó ti rán sílẹ̀ fún ti ara rẹ̀. Télọ̀ ló rán an, ó dára gan-an. Nígbà tí Bàbá Ìjọ tuntun dìde láti dúpẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ọ̀nì kò lè rìn padà sẹ́yìn. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn."

Ṣọ́ọ̀ṣì gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun. Áńkáṣíìfù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Bí mo ṣe ń wo ẹsẹ̀ mi kí n má baà rẹ́rìn-ín, mo rí i tí etí agbádá bàbá mi gbéra nílẹ̀. Ó ti dìde.

"Irọ́ ni," ó ní. Kò pariwo. "Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á."

Gbogbo ìgbà tí mo fi bá a ṣa ọ̀rọ̀, n kò gbọ́ kó pe nǹkan kan ní irọ́ rí. Ohun tó wá sọ ní gbangba yìí, òótọ́ ni, ó dá a lójú ju ohunkóhun tí ẹyẹ yẹn sọ lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó gbà á gbọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́ẹ́lẹ̀ pé ìlara ni, pé kò rí oyè gbà, ó wá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu. Ọmọkùnrin tó ń darí ìjókòó ti wá di apá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn wa, obìnrin kan sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, "Ọmọ alágogo, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó jókòó. Ara mi gbóná, mo fẹ́ dìde kí n sọ fún wọn pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó pa irọ́ náà, pé iná ló lọ. Ta ni ì bá gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Bàbá mi di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ìyá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó nawọ́, ó bá a gbọn eruku kúrò ní èjìká agbádá tuntun náà. Ó ní, "Ayékòótọ́." Bàbá mi ní, "Kí ló dé?" Ìyá mi ní kò sí nǹkan, òun kàn pè é ni.

Orúkọ tó ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ náà, ó sì máa ń dáhùn.